Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Odò Láti Orí Ilẹ̀ Tí À Ń Ro

Gbogbo ilẹ̀ tí òjò orí rẹ̀ ń ṣàn lọ sínú odò kan ló ń pinnu bí omi odò náà yóò ṣe rí. Odò Ọ̀ṣun gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá kó tó dé ọ̀sà lápá Ẹ̀pẹ́, ohun tí àgbàrá bá sì gbé sínú rẹ̀ lókè ló ń bá a lọ.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ odò yín wò. Lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ bu omi rẹ̀ sínú ìgò funfun, kí ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹrẹ̀ tó bá rọ̀ sí ìdí ìgò náà, ọ̀rá ilẹ̀ oko ni. Ẹ wá gba etí odò lọ sókè títí ẹ ó fi rí ibi tí omi ti ń pọ́n.

Bí oko bá wà ní ìdagẹ̀rẹ́, ẹ má ṣe kọ ebè láti òkè wá sísàlẹ̀, nítorí poro tó bá kọjú sí odò ti di ọ̀nà àgbàrá. Ẹ kọ ọ́ dábùú, kí omi lè dúró nínú poro, kó sì rin wọlẹ̀. Àgbàrá kò ní òun ò nílé wó. Ebè la ó fi kọ̀ fún un.

Ẹ fi igbó etí odò sílẹ̀, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 30 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Gbòǹgbò á di ilẹ̀ mú, òjìji á mú omi tutù, omi tútù ló sì ń gba atẹ́gùn tí ẹja ń mí dúró. Ìdí nìyí tí igbó ọba Omo, tí ìjọba yà sọ́tọ̀ ní 1925, tí àgbègbè tí wọ́n ń pè ní J4 sì wà nínú rẹ̀, fi ṣe pàtàkì fún odò tó ń gbà á kọjá.

Èyí tó ń dùn mí jù ni omi pákí. Gàrí Ìjẹ̀bú ni ìyì wa, ṣùgbọ́n omi funfun tó ń jò lábẹ́ àpò tí a fi òkúta tẹ̀ ní oró tó ń pa ẹja. Ẹ wo ẹ̀yìn àgọ́ gàrí: ojú ibi tí omi yìí ń gbà dúdú, koríko kì í hù níbẹ̀, òórùn kíkan rẹ̀ sì ń ta síni nímú. Ẹ gbẹ́ kòtò fún un, kó jìnnà sí odò àti kànga, kí ẹ má ṣe dé e lórí. Bó bá jókòó níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, oró náà á máa fò lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi ọgbà yí i ká nítorí ọmọdé àti ewúrẹ́.

Ẹ má ṣe fọ táǹkì oògùn apakoríko nínú odò.

Nígbà tí òjò ọdún tó ń bọ̀ bá rọ̀, ẹ tún bu omi lójú ibi kan náà, kí ẹ gbé ìgò méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.