Bí Ẹ Ṣe Lè Tún Ìmọ́lẹ̀ Àwòrán Irè Oko Yín Ṣe

Oníbàárà tó ń rajà lórí WhatsApp kò lè fọwọ́ kan tòmátì yín, bẹ́ẹ̀ ni kò lè gbọ́ òórùn epo yín. Àwòrán nìkan ló ń rí. Bí àwòrán náà bá ṣókùnkùn, tàbí tí oòrùn ọ̀sán ti pa á láwọ̀ dà, ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ni yóò lọ. Ìwé yìí wà fún ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin tí ẹ ń tajà láti ilé. Ìmọ́lẹ̀ ni ẹ ó máa tún ṣe o. Àwọ̀ ọjà gbọ́dọ̀ wà bó ṣe wà nínú agbọ̀n.

Ìbẹ̀rẹ̀

Ẹ lè lo GIMP lórí kọ̀ǹpútà, tàbí Photopea lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láìsanwó; irinṣẹ́ tí a fi ń tún àwòrán ṣe ni méjèèjì. Ẹ ṣí àwòrán, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lé e lórí: Shift+Ctrl+D ni ní GIMP, Ctrl+J ní Photopea. Léyà méjì, ìyẹn ìpele àwòrán méjì, ti wà nìyẹn, ọ̀kan lórí èkejì. Lókè ibi tí a to àwọn léyà sí, ẹ ó rí Normal. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa yan bí àwọ̀ òkè yóò ṣe pò mọ́ tìsàlẹ̀.

Èyí tó mọ́lẹ̀ jù, èyí tó ṣókùnkùn jù

Bí ó bá mọ́lẹ̀ jù, ẹ yan Multiply. Ó dà bí ìgbà tí a to gíláàsì aláwọ̀ méjì pọ̀ tí a sì gbé wọn kọjú sí oòrùn: ìmọ́lẹ̀ tó bá la méjèèjì kọjá yóò dín kù. Kọ̀ǹpútà ń ka ìmọ́lẹ̀ láti 0, tó jẹ́ dúdú, dé 255, tó jẹ́ funfun. Ibi tó wà ní 128 yóò di 64. Ṣùgbọ́n 255 yóò wà ní 255. Nítorí náà, ibi tí oòrùn ti sọ di funfun báláú kò ní àtúnṣe. Ẹ tún fọ́tò náà yà lábẹ́ ìbòòji.

Bí ó bá ṣókùnkùn, bíi ti inú ilé adìyẹ, ẹ yan Screen: 128 yóò di nǹkan bí 192. Ẹ má fi Opacity, ìyẹn bí léyà òkè ṣe hàn tó, sílẹ̀ ní 100. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 40, torí òkùnkùn tí a bá fipá ṣí máa ń mú àmì tóótòòtó jáde.

Bí gàrí funfun bá wà nínú abọ́ dúdú, Screen lè ba gàrí jẹ́. Ẹ fi mask funfun, ìyẹn ìbòjú tó ń pinnu ibi tí léyà yóò ti hàn, kún léyà òkè, kí ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, kí ẹ sì fi àwọ̀ dúdú kun orí gàrí lórí mask náà. Dúdú ń fi iṣẹ́ léyà pamọ́, funfun ń fi í hàn.

Ẹ ṣọ́ àwọ̀

Overlay àti Soft Light ń mú kí ibi dúdú dúdú sí i, kí ibi mímọ́ sì mọ́ sí i. Soft Light ni mo fara mọ́, torí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀. Àmọ́ àwọn méjèèjì máa ń mú àwọ̀ ki. Epo pupa yóò pọ́n ju bó ṣe pọ́n lọ, oníbàárà yóò sì bínú nígbà tí kẹ́ẹ̀gì bá dé. Ẹ gbé ẹ̀dà àwòrán àkọ́kọ́ sí òkè pátápátá, kí ẹ yan Color ní Photopea, tàbí LCh Color ní GIMP. Àwọ̀ àtilẹ̀wá yóò padà, àtúnṣe ìmọ́lẹ̀ yóò sì dúró.

Mo bẹ̀ yín, bí ẹ bá fẹ́ fi fọ́tò ewé ẹ̀gẹ́ tó ń ṣàìsàn ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá. Ara àbàwọ́n aláwọ̀ ìyeyè tàbí aláwọ̀ ewé ṣíṣá ló ti ń dá mosaic, àrùn ẹ̀gẹ́ kan, mọ̀. Overlay lè bo àmì náà, tàbí kó dá irọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Títọ́jú rẹ̀

Ẹ fi iṣẹ́ náà pamọ́ ní irú fáìlì tó ń jẹ́ XCF ní GIMP, tàbí PSD ní Photopea, kí àwọn léyà má bàa parẹ́. JPEG ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí oníbàárà.