Ara ògiri ni mo ti bẹ̀rẹ̀: bí mo ṣe yan iná smart fún ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa n'Íbàdàn

Ibi mẹ́ta ló yẹ kí èèyàn ti lè tan iná àtẹ̀gùn ilé wa: nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn pálọ̀, lókè lẹ́nu ọ̀nà àwọn yàrá, àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi. Súíìṣì méjì àkọ́kọ́ ti wà níbẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé, two-way ni wọ́n ṣe é, ìyẹn ni pé èyíkéyìí nínú méjèèjì lè tan iná kan náà tàbí kó pa á. Ìkẹta ni kò sí. Màmá máa ń jí lóru, ojú wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, inú òkùnkùn ni wọ́n máa ń rìn títí wọ́n á fi dé ibi súíìṣì. Ọ̀rọ̀ yìí ló mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í wá iná smart, èyí tí èèyàn lè fi fóònù tàbí bọ́tìnnì tí kò ní wáyà tàn.

Gílóòbù ni àwọn tó ń ta nǹkan wọ̀nyí máa ń kọ́kọ́ fi han èèyàn: àwọ̀ rẹ̀, bó ṣe mọ́lẹ̀ tó, bó ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Ní tèmi, ògiri ló yẹ kó ṣáájú. Gílóòbù kan lè wà nínú yàrá kí ó jẹ́ pé èèyàn márùn-ún ni yóò máa tàn án, tí àgbàlagbà, ọmọdé àti àlejò tó dé lánàá sì wà nínú wọn, àwọn tí kò ní fi fóònù kàn án láéláé. Mo mú ìwé, mo ya ilé náà láti yàrá dé yàrá, mo sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kọ̀ọ̀kan: ta ni yóò dúró níbí, iná wo ni yóò fẹ́ tàn, ibo ni ọwọ́ rẹ̀ á dé.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo kọ ohun tí mi ò ní gbà kí ó yẹ̀. Súíìṣì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ bí íntánẹ́ẹ̀tì kò bá sí. Ó gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ bí èmi àti fóònù mi bá wà l'Ékòó. Bí wọ́n bá sì mú iná lọ tí wọ́n wá mú un dé ní aago méjì òru, gílóòbù kankan kò gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ tàn lójú ẹni tó ń sùn.

Ti òru yìí ló yọ ọ̀pọ̀ nǹkan kúrò nínú ohun tí mo fẹ́ rà. Gílóòbù smart kì í kú tán. Bí ẹ bá pa á, ó ṣì ń jẹ iná díẹ̀díẹ̀ kí ó lè máa retí àṣẹ. Bí iná bá lọ tó sì dé, ọ̀pọ̀ nínú wọn á tàn wàì, torí àwọn tó ṣe é rò pé tí iná bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á jẹ́ pé ẹnì kan ló lọ tẹ súíìṣì ara ògiri. Ìrònú yẹn dára níbi tí iná kì í ti í lọ. Lọ́dọ̀ tiwa, gbogbo ilé ni yóò mọ́lẹ̀ rekete lóru. Àwọn kan wà tí èèyàn lè sọ fún pé kí wọ́n padà sí ipò tí wọ́n wà kí iná tó lọ. Ti Philips Hue ní in, inú app rẹ̀ ni wọ́n ti ń yàn án, power-on behaviour ni wọ́n pè é. Gílóòbù tí kò bá ní irú rẹ̀, ẹ má rà á sílé tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ inverter tún wà níbẹ̀. Bí gílóòbù kan bá ń jẹ ìdajì wáàtì lásìkò tó wà ní pípa, 24 irú rẹ̀ á máa jẹ wáàtì 12 tọ̀sán tòru. Láàárín wákàtí 24, ó ti di watt-hour 288 láti inú bátìrì, èyí tó lè fi gílóòbù LED oníwáàtì 9 tàn fún wákàtí 32. Ẹni tó ń ṣọ́ bátìrì rẹ̀ lójú méjèèjì á mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe kékeré.

Ọ̀nà kejì ni pé kí èèyàn yọ súíìṣì àtijọ́, kí ó fi súíìṣì smart rọ́pò rẹ̀. Mo pe oníṣẹ́ iná wa, ó ṣí àkọ́kọ́, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, neutral ò sí níbí o." Bó ṣe rí nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ wa nìyẹn. Òkè àjà ni neutral, ìyẹn wáyà tí iná ń gbà padà, ń dé; live, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná wá, àti wáyà tó ń padà lọ sọ́dọ̀ gílóòbù nìkan ló ń sọ̀kalẹ̀ wá síbi súíìṣì. Súíìṣì smart sì nílò iná fún ara rẹ̀ kó lè wà lójúfò. Àwọn kan wà tí wọ́n ṣe láti ṣiṣẹ́ láìsí neutral, ṣùgbọ́n inú gílóòbù ni wọ́n ti ń fa iná tí wọ́n ń lò kọjá. Bí LED náà bá kéré, ó lè máa ṣẹ́jú, tàbí kí ó máa tàn báìbáì lẹ́yìn tí ẹ ti pa á, títí ẹ ó fi so capacitor kékeré, ohun tó ń gba iná díẹ̀ yẹn sára, mọ́ ọn. Èmi kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí a sì fa neutral tuntun gba inú páìpù tó wà nínú ògiri, bí sìmẹ́ńtì bá ti dí páìpù náà, fífọ́ ògiri ló kù.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Houston ti fẹ́ ra gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró ná. 120V ni iná ilé wọn níbẹ̀, 230V ni tiwa. Dimmer Caséta ti ilé iṣẹ́ Lutron, ìyẹn súíìṣì tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù, tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, fún 120V ni wọ́n ṣe é, ojú rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì bá àpótí onígun mẹ́rin inú ògiri wa mu. Ó dùn mí, torí Lutron ní ohun kan tí mo fẹ́ràn gan-an, Pico, bọ́tìnnì oníbátìrì tí èèyàn lè fi sára ògiri níbikíbi láìfa wáyà. Ohun èlò Z-Wave, ọ̀kan lára ọ̀nà tí àwọn ohun èlò smart ń gbà bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìsí wáyà, náà kò ṣeé mú wá láti ibẹ̀ kí ẹ dà á pọ̀ mọ́ ti Yúróòpù: 908.42 MHz ni ti Amẹ́ríkà ń gbà sọ̀rọ̀, ti Yúróòpù ń gba 868.42, wọn kì í gbọ́ra wọn. Zigbee, irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ mìíràn tó ń lo 2.4 GHz, kò ní wàhálà yẹn, bákan náà ló rí káàkiri ayé. Nítorí náà, bọ́tìnnì Zigbee oníbátìrì nìkan ni mo ní kí wọ́n bá mi rà.

Ohun tí mo wá mú ni relay, súíìṣì kékeré tó ń gba àṣẹ láìsí wáyà, èyí tí kò ju páálí ìṣáná lọ, tí wọ́n máa ń fi pamọ́ sẹ́yìn súíìṣì tàbí sókè àjà. Òkè àjà ni a fi tiwa sí, torí ibẹ̀ ni live, neutral àti wáyà tó ń bọ̀ láti súíìṣì ti pàdé. A kò fọwọ́ kan two-way àtẹ̀gùn rárá. Wáyà tó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni oníṣẹ́ iná yọ lára gílóòbù, tó kì bọ ẹnu relay, mo sì ṣètò relay náà pé ìgbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá yí súíìṣì kan padà, yálà ó lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, kí iná yí ipò rẹ̀ padà. Mo tún sọ fún un pé bí iná bá lọ tó dé, kí ó wà ní pípa. Lẹ́yìn náà ni mo so bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá mọ́ ọn. Ibi mẹ́ta pé, ògiri kankan kò fọ́. Ohun tó mú ọkàn mi balẹ̀ jù ni pé bí hub, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé àṣẹ láàárín bọ́tìnnì àti relay, bá kú pátá, súíìṣì àtijọ́ méjèèjì á ṣì máa tan iná, torí wáyà ló so wọ́n mọ́ relay.

Ẹ fi iṣẹ́ yìí fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá pa main, iná inverter ṣì lè wà nínú wáyà yẹn, èyí sì lè pa èèyàn. Méjèèjì la pa kí oníṣẹ́ iná wa tó gun àkàbà, ó sì tún fi tester wò ó. Phase náà kò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ọ̀tọ̀ ni phase tó ń gbé òkè nílé wa, ọ̀tọ̀ ni ti ìsàlẹ̀, ó sì rí i dájú pé iná tó ń wọ relay àti iná tó ń gba súíìṣì kọjá wá láti phase kan náà kó tó dè wọ́n.

Relay tó ń lo Wi-Fi wà, kì í sì í béèrè hub. Mo fi í sílẹ̀ nítorí bí a ṣe ń pààrọ̀ MiFi nílé wa. Bí orúkọ àti password Wi-Fi bá yí padà, ẹ óò tún gbogbo wọn so lọ́kọ̀ọ̀kan. Zigbee ni mo mú, mo sì fi Home Assistant, ètò tó ń darí àwọn ohun èlò smart, sórí kọ̀ǹpútà kékeré kan nílé, òun ni hub wa, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì láti tan gílóòbù. Lára inverter ló wà. Ohun tó bá ń jẹ iná ògiri lára Zigbee ló ń bá àwọn yòókù gbé ọ̀rọ̀ kọjá, bọ́tìnnì oníbátìrì kì í gbé e. Pẹ̀lú bí búlọ́ọ̀kù àti dẹ́kìn wa ṣe nípọn, láti ẹ̀gbẹ́ hub ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn tó ń gbé ọ̀rọ̀ yìí: pálọ̀, àtẹ̀gùn, ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ọ̀rọ̀ lè ti ọ̀kan dé èkejì títí dé yàrá Màmá.

Pálọ̀ nìkan ni mo fi gílóòbù smart sí, torí ibẹ̀ la ti fẹ́ kí iná máa rẹlẹ̀ lálẹ́, kí ó pọ́n díẹ̀, ní 2700K (bí wọ́n ṣe ń ka àwọ̀ iná nìyẹn). Súíìṣì àtijọ́ ibẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gé iná kúrò lára wọn mọ́. Oníṣẹ́ iná so wáyà rẹ̀ pọ̀ pátápátá, ó fi plate tí kò lójú bò ó, a sì de bọ́tìnnì oníbátìrì mọ́ ojú rẹ̀ gan-an, níbi tí ọwọ́ gbogbo èèyàn ti mọ̀.

Irú bọ́tìnnì tí a ó lò gba àkókò mi ju gílóòbù lọ, mo sì rò pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ní: ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tan èyí, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó tan tọ̀hún, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹ́, ó ṣe òmíràn. Mo gbé oríṣi méjì fún Màmá. Wọ́n fi ọwọ́ pa á, wọ́n ní, "Èyí tí ọwọ́ mi á mọ̀ nínú òkùnkùn ni kí o fún mi." Olójú méjì ni wọ́n mú, òkè fún títàn, ìsàlẹ̀ fún pípa. Àwọ̀ dúdú ni mo fi sára ògiri funfun, mo fi sukúrúù dè é torí gọ́ọ̀mù kì í pẹ́ lára ọ̀dà tó ń ràn mọ́ ọwọ́ bí ẹfun, mo sì jẹ́ kí wọ́n dùbúlẹ̀ kí wọ́n na ọwọ́ ká tó lu ihò. Bátìrì CR2032 ló ń lò, èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta aago. Ẹ wo irú bátìrì tí bọ́tìnnì ń jẹ kí ẹ tó sanwó.

Kí n tó san owó iṣẹ́ tán, a dán an wò. A pa router, gbogbo súíìṣì àti bọ́tìnnì ṣiṣẹ́. A yọ hub, bọ́tìnnì oníbátìrì dákẹ́, súíìṣì ògiri tó ní relay ń tan iná lọ. A pa main àti inverter, a tún tàn wọ́n, òkùnkùn ni gbogbo yàrá wà. Mo wá kọ ọ́ sínú ìwé kan tí mo lẹ̀ mọ́ inú ìlẹ̀kùn àpótí fíúsì: relay wo ló wà lókè àjà wo, wáyà wo ló so mọ́ kí ni, àti bí oníṣẹ́ iná mìíràn ṣe lè yọ ọ́, kí ó dá wáyà two-way padà sára gílóòbù, kí ilé máa lo iná rẹ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.