Bọ́tákọ́ọ̀pù inú pápá: bẹ́ ẹ ṣe lè gbìn ín sẹ́yìnkùlé yín ní ìlú Ọba, kó sì máa pọ̀ sí i

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ wà ní ìlú Ọba, mo mọ̀ pé ẹ ti rí òdòdó yìí àìmọye ìgbà. Tó bá ti ń di Méè báyìí, etí ọ̀nà, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì níbi tí wọ́n ń sìnkú sí, pápá tí màlúù ti ń jẹko, gbogbo ẹ̀ á kàn yẹ́lò bí ìyeyè tó pọ́n, òdòdó kéékèèké tí ewé ẹ̀ jẹ́ márùn-ún márùn-ún, tó ń dán yinrin bíi pé wọ́n fi òróró pa á. Bọ́tákọ́ọ̀pù nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń wò ó bíi koríko tó yẹ ká fà dànù, àwọn míì tiẹ̀ ń ra oògùn sí i, ó sì máa ń dùn mí, torí ọmọ onílẹ̀ ni níbí, oyin àti àwọn kòkòrò ibí ti mọ̀ ọ́n tipẹ́tipẹ́. Oyin kékeré dúdú kan wà tó ń jẹ́ Chelostoma florisomne, lẹ́búlẹ́bú inú bọ́tákọ́ọ̀pù nìkan ló fi ń bọ́ ọmọ ẹ̀, ibi tí bọ́tákọ́ọ̀pù ò bá sí, kò lè gbébẹ̀. Bẹ́ẹ̀ láti àwọn ọdún 1930 sí 1984, pápá olódòdó tó pòórá ní England àti Wales tó 97 nínú 100. Torí náà ẹ̀yìnkùlé tí ò ju ẹní méjì lọ pàápàá, ó ṣe pàtàkì o.

Àmọ́ kẹ́ ẹ tó gbin ohunkóhun, ẹ mọ èyí tẹ́ ẹ ń gbìn, torí mẹ́ta ló wọ́pọ̀, wọ́n sì jọra gan-an lójú. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ọ̀pá tó gbé òdòdó dúró dáadáa. Tí ọ̀pá yẹn bá rí kọrọbọ tí kò ní ojú ìlà kankan lára, tí ewé ẹ̀ ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ọwọ́ tó la ìka, tó sì lè ga dé ìbàdí àgbà, Ranunculus acris nìyẹn, bọ́tákọ́ọ̀pù inú pápá gan-an, òun ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbìn. Tí ọ̀pá bá ní ìlà gbọọrọ gbọọrọ lára, ẹ wo abẹ́ òdòdó: tí àwọn ewé wínníwínní tó gbá òdòdó mú bá tẹ̀ kọdọrọ sísàlẹ̀, tí wọ́n fara ti ọ̀pá, Ranunculus bulbosus ni, tẹ́ ẹ bá hú ìdí ẹ̀ ẹ máa rí nǹkan roboto bí àlùbọ́sà kékeré níbẹ̀. Òun ló máa ń kọ́kọ́ yọ òdòdó, ó fẹ́ràn ilẹ̀ gbígbẹ tó ní ẹfun nínú, tí oòrùn bá wá mú gan-an ní Júláì, ewé ẹ̀ á gbẹ tán, ẹ máa rò pé ó ti kú, kò kú o, ó ń sùn ni, tí Ọ̀kítóbà bá dé á tún rú.

Ẹ̀kẹta ni ẹ ṣọ́ra fún. Ranunculus repens. Ọ̀pá tiẹ̀ náà ní ìlà, ṣùgbọ́n ewé abẹ́ òdòdó ẹ̀ kì í tẹ̀ sísàlẹ̀, ó sì máa ń na okùn kiri lórí ilẹ̀ bí ọ̀dùnkún, gbogbo ibi tí oríkèé okùn yẹn bá ti kan ilẹ̀ ló ti máa ta gbòǹgbò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àlọ́tìmẹ́ńtì, ilẹ̀ kékeré tí wọ́n ń yá èèyàn láti fi dáko, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Oyin fẹ́ràn òun náà, tẹ́ ẹ bá ní kọ̀rọ̀ kan tí omi máa ń dúró sí tí nǹkan míì ò hù níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀, àmọ́ ẹ má mú un wá sáàárín ewébẹ̀ yín rárá.

Ó ku ibi tẹ́ ẹ ti máa rí irúgbìn. Ẹ má lọ hú u létí ọ̀nà, òfin ìlú yìí tí wọ́n ṣe ní 1981, Wildlife and Countryside Act, sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ hú ewéko inú igbó láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ilẹ̀, bó ti wù kó wọ́pọ̀ tó. Ẹ ra irúgbìn lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òdòdó ìgbẹ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ sára ẹ̀ pé ti Britain ni, tàbí kẹ́ ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ní in lẹ́yìnkùlé, èyí ló dáa jù lójú tèmi torí ó máa ń jẹ́ tuntun. Tí òdòdó bá ti rẹ̀, á ku orí kékeré kan tó rí bíi bọ́ọ̀lù ẹlẹ́gùn-ún, hóró pẹlẹbẹ ló kún inú ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìwọ̀ kékeré lẹ́nu. Tó bá ṣì tutù yọ̀yọ̀ ẹ fi sílẹ̀. Ìgbà tó bá ń di àwọ̀ ilẹ̀, tẹ́ ẹ fi àtàǹpàkò rọra tẹ̀ ẹ́ tí hóró sì já bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ yín láìjà, ó ti tó nìyẹn. Inú àpò ìwé ni kẹ́ ẹ kó o sí, ẹ má lo ọ̀rá torí á bu.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí, torí ibẹ̀ lèmi náà ti ṣubú. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ gbìn ín, Fẹ́búárì ni, mo ṣe é bí mo ṣe ń ṣe ata àti tòmátì: mo bu ilẹ̀dú sínú ike, mo wọ́n irúgbìn sí i, mo gbé e sójú fèrèsé lókè hítà kí ara ẹ̀ lè móoru, ojoojúmọ́ ni mò ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kò sí nǹkankan. Mo da yẹ̀pẹ̀ yẹn sẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀dì, mo gbàgbé ẹ̀. Máàṣì ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo lọ mú ọkọ́ níbẹ̀, mo wá rí wọn, ewé kéékèèké ti bo ojú yẹ̀pẹ̀ yẹn. Òtútù ni wọ́n ń dúró dè. Nílé, àwọn ìyá wa máa ń da omi gbígbóná lé irúgbìn ewédú lórí kó lè jí, ti bọ́tákọ́ọ̀pù wá yàtọ̀ pátápátá, òtútù ló ń jí òun. Irúgbìn máa ń bọ́ sílẹ̀ ní sọ́mà, tí gbogbo ẹ̀ bá hù lẹ́ẹ̀kan náà wíńtà lè pa wọ́n run, torí náà àwọn díẹ̀ lè hù ní Sẹ̀tẹ́ńbà, ọ̀pọ̀ ẹ̀ á sùn títí òtútù á fi wá tó sì máa lọ.

Nítorí náà, Júláì sí Sẹ̀tẹ́ńbà ni kẹ́ ẹ gbìn ín, bí ẹ bá ṣe ń ká a náà ni kẹ́ ẹ máa gbìn ín, torí bó bá ṣe ń pẹ́ nílẹ̀ ló ṣe ń lágídí sí i. Ẹ wá ike tó ní ihò nísàlẹ̀, ẹ po ilẹ̀dú tí wọ́n ń ta fún irúgbìn mọ́ yanrìn díẹ̀, ẹ rin ín, ẹ wọ́n irúgbìn sójú ẹ̀ kó má há jù, kẹ́ ẹ wá fi yanrìn bò ó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí ò ní ju ìdajì sẹ̀ntímítà lọ. Ẹ gbé e síta. Mo ní síta o, ìdí ògiri tí oòrùn kì í pẹ́ níbẹ̀ ló dáa, ẹ da nẹ́ẹ̀tì bò ó torí àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ ìlú yìí, ibi tí wọ́n bá ti rí yẹ̀pẹ̀ tuntun ni wọ́n ti máa walẹ̀. Kí òjò pa á, kí yìnyín bò ó, ẹ má gbé e wọlé, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ ni pé kó má gbẹ. Tó bá jẹ́ pé Jánúárì lẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra irúgbìn, ẹ pò ó mọ́ yanrìn tútù nínú ọ̀rá, ẹ gbé e sínú fíríìjì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, kì í ṣe ibi tó ń sọ omi di yìnyín, kẹ́ ẹ wá gbìn ín síta. Tí kò bá sì hù lọ́dún yẹn, ẹ má da yẹ̀pẹ̀ yẹn nù, ó lè di ọdún kejì.

Tó bá hù, ewé méjì àkọ́kọ́ á rí roboto, èyí tó tẹ̀ lé e ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Tó bá ti yọ ewé bíi mẹ́ta, ẹ mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ike kéékèèké, ewé ni kẹ́ ẹ fi ọwọ́ mú, ẹ má mú un lọ́rùn. Ìgbín aláìníkarahun fẹ́ràn wọn nígbà yẹn, torí náà ẹ gbé wọn sórí nǹkan gíga. Tí gbòǹgbò bá ti kún ike, ẹ gbé wọn sílẹ̀, kí ààyè àárín wọn tó 30 sẹ̀ntímítà, níbi tí oòrùn ń dé tí ilẹ̀ kì í sì í gbẹ pátápátá. Ọdún kejì ló sábà máa ń yọ òdòdó dáadáa.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò lè dúró tó bẹ́ẹ̀, ẹ pín in nídìí. Tẹ́ ẹ bá ní èyí tó ti lo bí ọdún mẹ́ta tó ti di ìdì ńlá, Sẹ̀tẹ́ńbà tàbí Máàṣì, ẹ hú u tòun ti yẹ̀pẹ̀, ẹ gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò, ẹ máa rí i pé ìdí ẹ̀ pọ̀, ẹ fi ọwọ́ ya á tàbí ẹ fi ọ̀bẹ gé e, kí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní gbòǹgbò àti ojú tó ń rú, ẹ tún un gbìn lójú ẹsẹ̀, ẹ bomi rin ín fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ìdì kan lè di mẹ́rin, márùn-ún báyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Oje bọ́tákọ́ọ̀pù tútù ní oró nínú, wọ́n ń pè é ní protoanemonin, ó lè mú kí awọ lé ròrò, ó sì ń ta ẹnu, ìdí nìyẹn tí màlúù fi máa ń jẹ koríko yíká ẹ̀ tí wọ́n á fi òun sílẹ̀. Tó bá gbẹ oró yẹn máa ń lọ, kò sí wàhálà tó bá wà nínú koríko gbígbẹ tí wọ́n kó pa mọ́ fún ẹran. Àmọ́ àwa tá a fẹ́ràn àgbo, mo ń bẹ̀ yín, ẹ má rè é, ẹ má sè é, kì í ṣe ẹ̀fọ́. Àwọn ọmọ lè fi òdòdó ẹ̀ sábẹ́ àgbọ̀n ara wọn bí àwọn ọmọ ibí ṣe máa ń ṣe, tí àwọ̀ yẹ́lò bá tàn sí ọ ní àgbọ̀n wọ́n á ní o fẹ́ràn bọ́tà nìyẹn. Mo ti wò ó lágbọ̀n ọmọ mi obìnrin, ó tàn lóòótọ́, lára dúdú náà ó hàn kedere, torí awọ òkè ewé òdòdó yẹn tẹ́ bíi dígí, afẹ́fẹ́ sì wà lábẹ́ ẹ̀, ìyẹn ló ń jẹ́ kó máa da ìmọ́lẹ̀ padà. Kí wọ́n ṣá fọwọ́ tí wọ́n bá ṣeré tán.

Tó bá jẹ́ inú koríko lẹ́ ẹ fẹ́ kó wà, ẹ má fi ajílẹ̀ síbẹ̀ rárá, koríko nìyẹn máa bọ́, á wá bo òdòdó mọ́lẹ̀. Láti Épírì ẹ má gé e mọ́ títí Júláì fi máa parí, tẹ́ ẹ bá gé e ẹ jẹ́ kó wà nílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí irúgbìn gbọ̀n sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi réèkì kó gbogbo ẹ̀ kúrò. Tí koríko bá lágbára jù, ẹ gbin òdòdó kan tí wọ́n ń pè ní yellow rattle mọ́ ọn nígbà tí wíńtà ò tíì dé, bí àfòmọ́ ló ń ṣe, ó máa ń fa oúnjẹ lára gbòǹgbò koríko tí koríko á sì rọlẹ̀, irúgbìn òun náà gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, ó sì ń fẹ́ òtútù.

Tèmi ti gbó lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ti pín in sí àpò ìwé mọ́kànlá, mo kọ “síta ni o” sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan, lọ́jọ́ Sunday màá kó o lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún àwọn tó ti ń bèèrè lọ́wọ́ mi láti Méè.