Bí ẹ bá lọ wẹ ọmọ ní Ìlú Ọba, ẹ lọ wo òkúta wọn

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo lò ní Reading lọ́dún 2019, nígbà tí mo lọ wẹ ọmọ fún àbígbẹ̀yìn mi obìnrin. Mo padà sí Ilé-Ifẹ̀, ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ fi ẹ̀kọ́ ìtàn ṣiṣẹ́ wá kí mi nílé ní Mọ̀rè. Ó ní, "Ìyá Bọ́lá, kí lẹ rí lọ́hùn-ún?" Mo ronú títí, kò sí ohun tí mo lè sọ ju ṣọ́ọ̀bù, ṣọ́ọ̀ṣì àti ojú fèrèsé lọ. Èmi tí mo máa ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ wo Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn lọ́dọọdún! Ó dùn mí wọnú eegun. Nígbà tí mo tún lọ ní 2022 àti 2024, mo lo ẹsẹ̀ mi dáadáa. Ohun tí mo rí kọ́ ni mo ń kọ sílẹ̀ yìí fún ẹ̀yin tí àwọn ọmọ yín ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì fún.

Ẹ kọ́kọ́ bá àna yín sọ̀rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Sátidé kan nínú méjì, kí bàbá ọmọ gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Àna tèmi kò janpata rárá. Láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù kẹsàn-án ni ìrìn yìí dùn jù: lóṣù kẹfà, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ṣì mọ́lẹ̀ kedere, ṣùgbọ́n lóṣù kejìlá, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ilẹ̀ ti ṣú. Tí ẹ bá ti pé ọdún 60, ẹ mú pásípọ́ọ̀tì yín lọ sí ibùdókọ̀ reluwé, kí ẹ ra káàdì tí wọ́n ń pè ní Senior Railcard. Kò dìgbà tí ẹ bá di ọmọ ìlú wọn. Ìdá kan nínú mẹ́ta ló máa ń gé kúrò lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ owó ọkọ̀.

Gbogbo ènìyàn ló máa ń dárúkọ Stonehenge, níbi tí àwọn ará àtijọ́ ti gbé òkúta ńláńlá nàró yípo, ṣùgbọ́n Avebury, abúlé kan tí irú òkúta bẹ́ẹ̀ wà, ni màá kọ́kọ́ rán yín lọ. Láti Reading, reluwé ń gbé yín dé Swindon ní nǹkan bí ìdajì wákàtí, bọ́ọ̀sì 49 á sì já yín sílẹ̀ láàárín abúlé náà gan-an. Àwọn òkúta náà yí apá kan abúlé po, títì gba àárín wọn kọjá, àgùntàn sì ń jẹko lẹ́sẹ̀ wọn. Kò sẹ́ni tó ń gba owó ìwọlé, kò sí okùn tí wọ́n ta yí i ká. Ẹ lè gbé àtẹ́lẹwọ́ lé òkúta tó ti wà lóòró láti ohun tó ju 4,000 ọdún lọ, kí ẹ fi ẹ̀yìn tì í, kí ẹ sinmi.

Ẹ fi fóònù sínú báàgì ná. Ẹ rìn yí po lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wo yàrà. Ìwo àgbọ̀nrín ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, nínú ilẹ̀ tó funfun nini, tó jẹ́ ẹfun láti òkè délẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ ẹ, ó jìn tó mítà mẹ́sàn-án. Erùpẹ̀ ti dí púpọ̀ nínú rẹ̀ báyìí. Àwa tí a gbọ́ ìtàn odi Ifẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀yìn odi ni yàrà ogun máa ń wà, kí ọ̀tá lè kó sí i kó tó dé ara odi. Ti Avebury yàtọ̀: inú ni yàrà wà, òkìtì erùpẹ̀ rẹ̀ ló wà lóde. Bí mo ti rí i báyìí, mo sọ fún ọmọ mi pé àwọn wọ̀nyí kò kọ́ ọ torí ogun. Ó wo inú fóònù rẹ̀, ó ní, "Màámi, ohun tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n sọ náà nìyẹn."

Ẹ wá wo àwọn òkúta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òmíràn ga tẹ́ẹ́rẹ́, òmíràn fẹ̀ bí ilẹ̀kùn ààfin. Wọn kò gbẹ́ ẹ bí wọ́n ṣe gbẹ́ Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, kò sí ìṣó irin lára rẹ̀. Bí wọ́n ṣe bá a nínú ilẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé e dúró.

Ẹ má kúrò níbẹ̀ láìwọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré tó ń jẹ́ orúkọ Alexander Keiller. Ní ayé àtijọ́, àwọn ará abúlé ri àwọn òkúta kan mọ́lẹ̀. Keiller, awalẹ̀pìtàn kan, ló bẹ̀rẹ̀ sí í wú wọn, tó ń gbé wọn nàró padà. Ní 1938, wọ́n bá egungun ọkùnrin kan lábẹ́ ọ̀kan nínú wọn, pẹ̀lú àlùmọ́gàjí àti owó ẹyọ tó ti lé ní 600 ọdún. Nígbà tí mo rí ọdún yẹn, mo jókòó. Ní 1938 kan náà ni àwọn tó ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, lẹ́yìn ààfin Ọọ̀ni, já lu àwọn orí idẹ wa. Ọ̀kan nínú àwọn orí náà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn ní London títí di òní. Ẹ lọ kí i, ṣùgbọ́n ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Stonehenge dára, mi ò ní purọ́. Reluwé ń lọ sí Salisbury, bọ́ọ̀sì sì ń gbé àlejò láti ibùdókọ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín ti ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí fóònù ṣáájú, kí ẹ sì yan wákàtí àkọ́kọ́ láàárọ̀, kí èrò tó pọ̀. Ẹ kò lè fọwọ́ kan àwọn òkúta níbẹ̀. Ohun tó ya èmi lẹ́nu ni pé àwọn kékeré inú wọn wá láti ilẹ̀ Wales, nǹkan bí kìlómítà 240, nígbà tí kò sí ẹṣin, kò sí kẹ̀kẹ́. Lọ́dún 1915, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Cecil Chubb rà á ní gbàǹjo ní £6,600, ó sì fi ta ìjọba lọ́rẹ ní 1918.

Ẹ má wọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ẹrọ̀fọ̀ ibẹ̀ kì í tán, kódà lóṣù kẹfà, nítorí náà ẹ ra bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀. Kóòtù òjò dára ju agbòòrùn lọ, torí atẹ́gùn pápá á yí agbòòrùn síta. Ewé kan wà létí ọ̀nà tí irun wẹ́wẹ́ bo igi rẹ̀: èsìsì tiwọn nìyẹn. Àwọn àgbà ní ẹ̀ẹ̀kan ni èsìsì ń jóni. Ó jó mi láti ọrùn ẹsẹ̀ dé orúnkún, láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wọ ṣòkòtò lábẹ́ ìró. Níbi tí ẹ bá ti rí ọfà aláwọ̀ ìyeyè lórí òpó, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti fi ẹsẹ̀ gbabẹ̀, ì báà jẹ́ àárín oko olóko. Géètì tí ẹ bá bá ní títì, ẹ tì í padà. Ẹ má gba àárín màlúù àti ọmọ rẹ̀ kọjá. Ẹ gbé mọ́ínmọ́ín àti tíì nínú fúláàsì dání, ẹ jókòó sórí koríko, ẹ jẹun.

Tí ẹ bá ní ọjọ́ mẹ́ta, ẹ wọ reluwé lọ sí Newcastle, kí ẹ tibẹ̀ dé Hexham. Odi tí Hadrian, ọba Róòmù, pàṣẹ rẹ̀ lọ́dún 122 wà níbẹ̀, kìlómítà 117 láti òkun dé òkun. Ọdún yẹn ni wọ́n fi sọ bọ́ọ̀sì ibẹ̀ lórúkọ, AD122. Ìgbà tí ojú ọjọ́ bá móoru nìkan ló ń rìn. Ẹ sọ̀ ní Housesteads, ibùdó ọmọ ogun Róòmù àtijọ́, kí ẹ rí ilé ìgbẹ́ àwọn ọmọ ogun àti ojú ọ̀nà omi rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ yín mọ̀ pé àwọn ọmọ ogun láti Àríwá Áfíríkà ṣọ́ odi yìí: wọ́n rí òkúta tí wọ́n kọ orúkọ ẹgbẹ́ wọn sí nítòsí Burgh-by-Sands. Septimius Severus, ọba Róòmù tó kú sí York ní 211, ilẹ̀ tí à ń pè ní Líbíà lónìí ni wọ́n bí i sí.

Ẹ ó tún rí àwọn ilé ńlá olówó láàárín ọgbà òdòdó. Ẹ bèèrè ibi tí owó tí wọ́n fi kọ́ ọ ti wá. Harewood, nítòsí Leeds, owó ṣúgà àti ti ẹrú ló kọ́ ọ. Mo rìn nínú ọgbà rẹ̀, ó lẹ́wà, mi ò sì lè gbé tíì mi mì níbẹ̀.

Mo ní máàpù Avebury tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà, tó fi gbogbo ọ̀nà ẹsẹ̀ hàn. Ẹ wá yá a ní Mọ̀rè kí ẹ tó lọ. Ó ti ń ya láti àárín, ẹ fi sínú ọ̀rá.