Bí mo ṣe rí ìdí iná ṣáájì tó kọ̀ tí kò kú lórí ọkọ̀ ojú omi

Iṣẹ́ rewáyà ni mò ń ṣe ní Lọ́kọ́jà. Mọ́tò ni mo fi kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi tó ń kó èrò kọjá sí Shintaku náà máa ń ránṣẹ́ pè mí. Ẹ́ńjìnnì dísù ló wà nínú èyí tí mo fẹ́ sọ. Bátìrì tó ń ta ẹ́ńjìnnì náà ló tún ń gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi kúrò nísàlẹ̀ ọkọ̀, ìdí nìyẹn tí n kì í fi ojú kékeré wo iná ṣáájì, iná kékeré tó ń kìlọ̀ pé bátìrì kò gba ṣáájì dáadáa, lórí omi. Bí bátìrì bá kú lójú títì, èrò á sọ̀ kalẹ̀ tì í. Láàárín Odò Ọya, ta ni yóò tì í?

Bàbá ará Búnú tó ni ọkọ̀ náà ti ń wá owó ọ́tánétọ̀ mìíràn, ìyẹn ẹ̀rọ ara ẹ́ńjìnnì tó ń ṣáájì bátìrì. "Okun o, ọmọ mi. Wọ́n ní èyí ti kú, wá bá mi pààrọ̀ rẹ̀."

Mo ní, "Okun o, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká fi mítà wò ó ná."

Mo ṣí kọ́kọ́rọ́ láì tíì ta ẹ́ńjìnnì: iná náà tàn dáadáa. Gílóòbù rẹ̀ yè nìyẹn, wáyà rẹ̀ kò sì já. Nígbà tí a ta á, iná náà kò kú, ó kàn rẹ̀ sílẹ̀, ó ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Mo ní kí wọ́n tan gbogbo iná ọkọ̀, ó tún mọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti kúrò lára ọ́tánétọ̀.

Ojú méjì ni gílóòbù yẹn ní. Ọ̀kan ń gba iná bátìrì láti ibi kọ́kọ́rọ́, èkejì so mọ́ ọ́tánétọ̀. Bí ọ́tánétọ̀ bá ti ń mú iná wá, agbára ojú méjèèjì á dọ́gba, gílóòbù á sì kú. Bó bá ń tàn yòò nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ọ́tánétọ̀ kò mú nǹkan wá nìyẹn. Àmọ́ bó bá ń tàn fẹ́ẹ́rẹ́, ó ṣeé ṣe kí iná wà níhà méjèèjì, kí ọ̀kan kàn ju èkejì lọ.

Bẹ́líìtì le dáadáa, kò sí eruku dúdú lára rẹ̀. Mo fi mítà sí bátìrì: agbára iná rẹ̀ jẹ́ fóòtì 12.6. Mo fi sí ojú tí iná ti ń jáde lára ọ́tánétọ̀: 14.2. Mo wá fi ẹsẹ̀ mítà kan síbẹ̀, mo fi èkejì sí orí pọ́sítíìfù bátìrì, ó fi 1.6 hàn. Kò yẹ kó tó ìdajì fóòtì. Ìhà nẹ́gétíìfù kò ní wàhálà. Ojú ọ̀nà ni iná ń sọnù sí.

Mo fọwọ́ tọ wáyà náà lọ. Níbi tó ti so mọ́ súwíìṣì ńlá, nítòsí ibi tí omi máa ń gbá jọ sí, ó gbóná lọ́wọ́ mi. A pa ẹ́ńjìnnì, a ṣí pátákó sílẹ̀ kí òórùn epo jáde, mo kọ́kọ́ tú nẹ́gétíìfù bátìrì. Téèpù tí wọ́n dì mọ́ ọn mọ́ tónítóní. Mo bó o: kọ́pà ti di ìyẹ̀fùn aláwọ̀ ewé, ìwọ̀nba fọ́nrán díẹ̀ ló ṣẹ́ kù tó di ara wọn mú. Mo gé e, mo tún gé e, kọ́pà inú rọ́bà ṣì dúdú. Wáyà tuntun tó nípọn ni mo fà, mo fi irin tẹ ẹnu rẹ̀ pinpin, mo fi rọ́bà tó ń sún bó bá rí iná bò ó, mo fi gíríìsì pa á.

Iná ṣáájì kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bátìrì ń gba 14.1, kódà nígbà tí ẹ̀rọ tó ń fa omi ń ṣiṣẹ́.

Owó wáyà ni Bàbá san. Mo kìlọ̀ fún ẹni tó ń wà á pé kó má ṣe pa súwíìṣì ńlá nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, nítorí ìyẹn gan-an ló ń ba dáódù inú ọ́tánétọ̀ jẹ́, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí iná máa gba ìhà kan ṣoṣo. Bátìrì náà ti jẹ ìyà àìyó fún ìgbà pípẹ́, nítorí náà a gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣáájì kó sùn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì.