Ìlú mẹ́rìndínlógún, Sátidé mẹ́sàn-án: bí mo ṣe ń to bọ́ọ̀lù wa

Ẹ ọ̀kun o. Kí ẹ tó kọ orúkọ ìlú kankan sórí ìwé, ẹ lọ bá onímọ́tò, kí ẹ béèrè iye tó máa gbà láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀, nílẹ̀ Okun tiwa ní ìpínlẹ̀ Kogi, àlọ àtàbọ̀. Owó yẹn ni yóò to ìdíje yín, kì í ṣe ẹ̀yin. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi kọ́ ọmọ ní ìṣirò ní Mọ̀pà, ohun tí ìgbìmọ̀ ìdíje àwọn ìlú wa rí tí wọ́n fi fà mí wọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù nìyẹn. Èmi fúnra mi kò lè gbá bọ́ọ̀lù kọjá ẹnu ọ̀nà ilé mi.

Ìlú mẹ́jọ la fi bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn láti Yàgbà àti Mọ̀pà. Oníkálukú bá ara wọn pàdé lẹ́ẹ̀kan, ó tán ní Sátidé méje. Nígbà tí àwọn ará Ìjùmú, Kàbà àti Bùnú ní àwọn náà fẹ́ wọlé, a di mẹ́rìndínlógún, akọ̀wé ìgbà náà sì ní kí a ṣe é bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ìlú kọ̀ọ̀kan yóò gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 15, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 120. Sátidé 15! Ìlú wo nílẹ̀ Okun ni kò ní sin òkú láàárín Sátidé 15? Ọ̀sẹ̀ kẹfà kò tíì pé tí ìlú méjì fi ní àwọn ò rówó epo mọ́. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, a pín in sí méjì, mẹ́jọ níhìn-ín, mẹ́jọ lọ́hùn-ún. Ìyẹn parí ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n Kàbà àti Ìsánlú kò fojú kan ara wọn, bẹ́ẹ̀ èrò tó ń wá wo ìyẹn la fi ń sanwó rẹfirí.

Ọmọ mi tó wà ní Texas ló là mí lójú. Bọ́ọ̀lù ti Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń gbá mọ́yà sá kiri, kò yé mi títí dòní, àmọ́ ìṣòro wọn yé mi. Ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ SEC pín ara wọn sí apá méjì ní 1992. Texas A&M wọlé ní 2012; títí 2023 fi parí, yunifásítì Georgia, tó wà ní apá kejì, kò lọ gbá bọ́ọ̀lù ní pápá wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ agbo ilé kan náà ni wọ́n. Nígbà tí yunifásítì Texas àti ti Oklahoma dé ní 2024 tí wọ́n di 16, wọ́n wó ògiri àárín yẹn. Láti 2026, mẹ́sàn-án ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá láàárín ara wọn: mẹ́ta pẹ̀lú àwọn tí wọ́n gbọ́dọ̀ bá pàdé lọ́dọọdún, mẹ́fà pẹ̀lú àwọn tó ń yí po. Èyí ni mo jí.

Bí mo ṣe tò ó fún tiwa rèé. Ẹ pín ìlú 16 sí agbo mẹ́rin, mẹ́rin-mẹ́rin, kí àwọn tó súnmọ́ ara wọn wà pọ̀. Ẹ̀gbẹ̀, Odò-Ẹ̀rẹ̀, Odò-Ẹ̀rì àti Ẹ̀jìbà jẹ́ ọ̀kan. Ìsánlú, Pọ́nyàn, Ifẹ̀-Olúkòtún àti Mọ̀pà jẹ́ èkejì. Ìjùmú ní agbo tirẹ̀, Kàbà àti Bùnú ní ìkẹrin. Àwọn mẹ́ta tí ẹ jọ wà nínú agbo ni ẹ ó máa bá gbá lọ́dọọdún.

Lẹ́yìn náà, ẹ pín agbo kọ̀ọ̀kan sí ọ̀tún àti òsì, méjì-méjì. Lọ́dún kìíní, ọ̀tún agbo kan máa bá ọ̀tún agbo mẹ́ta yòókù gbá, òsì á bá òsì gbá. Mẹ́fà nìyẹn. Lọ́dún kejì, ọ̀tún á bá òsì. Láàárín ọdún méjì, kò sí ìlú tí kò ní bá ìlú kejì pàdé. Àpapọ̀ ọdún kan jẹ́ 72, mẹ́jọ-mẹ́jọ ní Sátidé mẹ́sàn-án. Ẹ má fi ìbò yan ọ̀tún àti òsì o. Ẹni tó ṣe ipò kìíní àti ẹni tó ṣe ìkẹrin nínú agbo lọ́dún tó kọjá ni kí ẹ so pọ̀, kí ìkejì àti ìkẹta wà papọ̀. Bí ẹ bá so àwọn alágbára méjì pọ̀, ẹni tó bá kò wọ́n lágbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti gbé.

Agbo méjì tó bá kọjú síra wọn, ẹ fún wọn ní Sátidé méjì tó tẹ̀léra: ọ̀kan nílé, ọ̀kan lóde. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ inú agbo, ẹ fi ọ̀kan bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi méjì sẹ́yìn pátápátá. Ìgbà yẹn ni àpò ti gbẹ, ìrìn kúkúrú ló yẹ ẹni tí àpò rẹ̀ gbẹ. Nítorí mẹ́sàn-án kò ṣe é pín dọ́gba, ìlú mẹ́jọ máa gbá márùn-ún nílé, mẹ́jọ á gbá mẹ́rin. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé lọ́dún tó ń bọ̀ yóò yí padà, kí gbogbo wọn sì fọwọ́ sí i. Bàbá kan ti fi ọ̀rọ̀ yìí da ìpàdé rú mọ́ mi lójú rí.

Tí ìlú méjì bá ní pọ́íǹtì kan náà, ẹ wo ẹni tó na ẹnìkejì. Bí wọn ò bá pàdé, ẹ ro pọ́íǹtì gbogbo àwọn mẹ́sàn-án tí oníkálukú bá gbá pọ̀. Ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù ló la iná kọjá. Ẹ má lo iye ayò tí wọ́n jẹ. Ẹni tó fi méje na ìlú tó kó ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wá kò ju ẹni tó fi ọ̀kan na Kàbà lọ.

Kò-mẹsẹ̀-ó-yọ ńkọ́? Mẹ́fà ni kí ẹ mú. Ìkíní àti ìkejì á sinmi. Ìkẹta á gba ìkẹfà lálejò, ìkẹrin á gba ìkarùn-ún. Ẹ ṣọ́ra fún ìsinmi yìí o. Nínú ìdíje ńlá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ti 2024, ẹgbẹ́ mẹ́rin ni wọ́n fún nísinmi, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fìdí rẹmi ní àkọ́gbá wọn. Wọ́n ti jókòó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, wọn ò sì jẹ́ kí wọ́n gbá a nílé. Tiwa, ọ̀sẹ̀ kan ni ìsinmi, kí ìkíní àti ìkejì sì gbàlejò ní pápá tiwọn. Ẹni tí ipò rẹ̀ kéré jù nínú àwọn tó kù ni ìkíní á bá gbá. Àṣekágbá nìkan ni yóò wà ní ìlú tí kò kan ẹnikẹ́ni.

Ti 2026 ti wà nílẹ̀: a bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá, a parí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá. Kò-mẹsẹ̀-ó-yọ bọ́ sí ọjọ́ 19 àti 26, àṣekágbá sì di ọjọ́ 2 oṣù kìíní, nígbà tí àwọn ọmọ wa láti Èkó àti Àbújá ṣì wà nílé tí owó ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Bí ẹ bá kà á, ẹ ó rí i pé Sátidé 11 ló wà níbẹ̀ fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́sàn-án. Méjì tó ṣófo yẹn, ti òjò àti òkú ni. Ẹ má kọ ọ́ sórí ìwé tí ẹ máa lẹ̀ mọ́ ara ògiri ọjà, torí bí wọ́n bá ti rí i, ìgbéyàwó ni wọ́n máa kó sí i.