Àpá Ara Èèpo Ọsàn: Kì í Ṣe Kòkòrò Ló Ń Fa Gbogbo Rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ lóko ọsàn ní Àkúrẹ́, Ìdànrè títí dé Oǹdó, àti ẹ̀yin tí igi kan péré wà lẹ́yìnkùlé yín, ẹ fetí sílẹ̀.

Ẹni tó bá ti bó ọsàn rí mọ omi tó máa ń ta síni lójú. Òróró ni. Inú àwọn àpò wínníwínní ara èèpo ló ń gbé, kò sì ṣe ọsàn ní nǹkan kan bó bá jókòó síbẹ̀. Ìgbà tí àpò náà bá bẹ́ ni wàhálà dé: òróró á jò sára èèpo tó yí i ká, á pa á. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ojú ibẹ̀ á jìn wọnú, á ṣe bí aṣọ tí áyọ́ọ̀nù jó. Òun la ń pè ní àrùn, tí a ń náwó oògùn apakòkòrò lé lórí lásán.

Ní àárọ̀ kùtù tí ìrì ṣì wà lára ewé, tàbí tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, èèpo ti mu omi yó. Èékánná tàbí ẹ̀gún lásán ti tó láti bẹ́ àpò òróró náà. Ẹ jẹ́ kí ìrì gbẹ kí ẹ tó ká ọsàn. Mo mọ̀ pé ìyá ọlọ́sàn tó ti gbé mọ́tò wá láti Ọjà Ọba kò ní fẹ́ gbọ́ ìyẹn. Ẹ má gbọn igi. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé ọsàn, kí igi ìdí rẹ̀ kúrú, kó má baà gún ẹnìkejì rẹ̀ nínú àpò tí ẹ ń kó wọn sí.

Ọsàn tó là lórí igi ńkọ́? Ọ̀gbẹlẹ̀ pẹ́, òjò dé lójijì, inú ọsàn wú ju èèpo lọ. Ẹ máa bomi rin igi náà díẹ̀díẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ sì fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀. Bí ilẹ̀ kò bá ní pòtásíọ̀mù (ọ̀kan lára oúnjẹ tí igi ń fà nínú ilẹ̀) tó, èèpo á fẹ́lẹ́. Eérú èèpo kòkó tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe ọṣẹ dúdú kún fún un. Ẹ̀kúnwọ́ díẹ̀ sí ìdí igi ti tó.

Ọsàn tí a ká sílẹ̀ sínú oòrùn máa ń gbẹ nídìí, á sì dúdú. Abẹ́ ibòòji ni kó wà.

Èyí tó ti lápá, inú rẹ̀ dára, àmọ́ ó tètè ń bu. Ẹ yà á sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń fi abẹ bó ọsàn tà lójú títì: èèpo yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ ń bó dànù.